Àgbá Ìkẹyìn Ìlú Ìkántó

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹun yó, kí ẹ̀yin tí ẹ kò tíì jẹ náà sún mọ́ mi, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò kan ikùn, ọ̀nà ọ̀fun ló kàn. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó wú u báyìí. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń pè, kó lọ dá a lóhùn kó tó jókòó. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í padà sẹ́yìn nítorí ẹni tó lọ tọ̀.

Mo rí yín o. Ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n mo rí yín. Béjidé tí ẹ mọ̀ pé ó ń tọ́jú mi gbé ìgò ọtí wá, ó bu ife kan fún mi, mo sì gbé e mì láìta ẹ̀kán kan sílẹ̀. Ẹ wo ara yín lójú. Mo gbọ́ tí Ṣówándé sọ sí etí ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Bàbá yìí kò mọ àṣà mọ́. Kò ta á fún ilẹ̀, kò pe baba rẹ̀." Ṣówándé, etí ọdẹ ni mo fi gbọ́ ọ. Etí yìí ń gbọ́ ìrìn èèrà lórí ewé gbígbẹ nígbà tí baba tó bí ọ ṣì ń rákò. Èmi Ọdẹ́rìndé, èmi tí mo gé ìrù ẹkùn kí ẹkùn tó mọ̀ pé mo dé, ṣé èmi ni o fẹ́ kọ́ ní àṣà? Mo mọ àṣà. Àṣà náà mọ̀ mí. Jókòó kí o gbọ́ ohun tí ó fi mí ṣe.

Baba tó bí mi, Ọdẹ́kúnlé, ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Láwóyin. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ ti rí èkejì. Ohun tó so wọ́n pọ̀ kì í ṣe ìwà, ọtí ni. Kì í sì í ṣe irú èyí tí ẹ ń mu báyìí, tó ń jó yín lọ́fun tí ẹ sì ń pè é ní ìgbádùn. Ọtí Ìkántó ni.

Àwọn ará Ìkántó ni wọ́n mọ ọtí í pọn. Ògùrọ̀ ni wọ́n ń sè nínú ìkòkò ńlá, wọn a jẹ́ kí ooru rẹ̀ gba inú ọ̀pá bàbà tó sùn sínú odò tútù kọjá, a sì máa kán ní ìpẹ̀kun ọ̀pá, tó, tó, tó. Ìlú mìíràn a bù ú mu lọ́jọ́ náà. Àwọn kì í mu ún. Inú àgbá tí wọ́n fi igi ìrókò kàn ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, wọn a fi ìda dí i lẹ́nu, wọn a gbé e lọ sínú ilé abẹ́ ilẹ̀, wọn a sì fi í síbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ tí wọ́n dí àgbá a dàgbà, a gbéyàwó, a bímọ, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ìda náà. Nígbà tí wọ́n bá ṣí i, ọtí tó funfun bí omi ti pọ́n bí oyin, òórùn rẹ̀ a sì mú àgbàlagbà sunkún. Mo ti tọ́ wísíkì tí àwọn òyìnbó ń kó wá nínú àpótí wò. Mo mu ún, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni mo fi mu ún.

Nígbà tí àbúrò mi Àwẹ̀ró, ọmọ ìyá mi, ṣì wà lẹ́yìn ìyá wa, baba mi àti Láwóyin mu ọtí Ìkántó, wọ́n ta á sílẹ̀, wọ́n sì mulẹ̀ pé ìyàwó Láwóyin ni ọmọ náà. Ọmọ dàgbà. Láwóyin náà dàgbà, ṣùgbọ́n ó ti dàgbà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àkókò tó, eyín ẹnu rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ sọ́run. Wọ́n pe Àwẹ̀ró jáde níwájú ẹbí pé kó wá kí ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó kí Láwóyin dáadáa, lẹ́yìn náà ó kọjú sí baba wa.

"Bàbá, ẹ̀yin àti ọ̀rẹ́ yín lẹ jọ mu ọtí. Èmi ò mu níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọtí lẹ fi ń ṣe ìgbéyàwó, ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ fẹ́ ara yín."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí wọn kò bá rẹ́rìn-ín, baba mi ì bá bínú, ì bá sùn, inú rẹ̀ ì bá sì rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó gbé ìyókù ọtí Ìkántó tó ti fi pamọ́ jáde, ó bù ú sínú ife, ó ta díẹ̀ sílẹ̀, ó mu ìyókù, ó sì wí pé, "Àwẹ̀ró, ilé kankan kò ní gbà ọ́ mọ́. Òrùlé tó bá bò ọ́, kó ṣí." Ó dojú ife délẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Lọ́jọ́ tí Àwẹ̀ró wọ ilé Oyèkànmí, ọkùnrin tó wù ú, òrùlé ilé náà ká bí ẹní, ó sì fò lọ. Kò sí ìjì, ewé kò mì. Oyèkànmí tún un ṣe, ó tún fò. Ó kọ́ òmíràn, ìyẹn náà lọ. Ó ń kọ́ ọ, ó ń lọ, títí ọkùnrin náà fi já bọ́ láti òkè, tí itan rẹ̀ ṣẹ́, tí àwọn ẹbí rẹ̀ sì wá gbé e lọ sí abúlé wọn. Wọ́n ní kí Àwẹ̀ró má tẹ̀lé àwọn. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Àwọn náà ní òrùlé.

Bí àbúrò mi ṣe padà wá nìyẹn, tòun ti oyún, tó sì jókòó sábẹ́ igi odán iwájú ilé wa. Igi kò ní òrùlé, igi gbà á. Láràárọ̀, bí baba wa bá ń lọ sóko, Àwẹ̀ró a kúnlẹ̀, a ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Baba mi a máa wo ọ̀nà oko. Bó bá jẹ́ ewúrẹ́ ni wọ́n so mọ́ ìdí igi náà, ì bá bu omi fún un.

Ẹbí bẹ̀ ẹ́. Láwóyin fúnra rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó tó kú, ó ní òun ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Baba mi ní, "Nínú ìdílé wa, ọtí tí a fi ṣépè náà la fi ń yọ ọ́. Ẹ bá mi wá ọtí Ìkántó, n ó yọ ọ́ lójú gbogbo yín." Ó mọ ohun tó ń sọ. Ó mọ̀ pé wọ́n ti ti ilé ìpọntí Ìkántó pa láti ìgbà tí Àwẹ̀ró ṣì kéré, pé igbó ti bo ọ̀nà ibẹ̀, àti pé igbó náà kì í ṣe ti ènìyàn. Gbogbo ẹbí mirí, wọ́n ní àgbà ti sọ̀rọ̀, wọ́n sì dìde lọ sílé wọn lọ jẹun.

Èmi kò lọ jẹun. Mo gbé ìbọn mi, mo so kèrègbè mọ́ ìdí, mo sì lọ dágbére fún àbúrò mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pẹ́," ló wí. "Òjò ń bọ̀, ọmọ yìí náà sì ń bọ̀. Ti ara mi ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ bí ọmọ síta bí ẹran. Ẹ jẹ́ kí n bí i sábẹ́ òrùlé, kó mọ̀ pé ilé kan wà tó gba òun."

Ẹ má bi mí bí ọ̀nà náà ti jìn tó. Ẹni tó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀, ọjà ló ń lọ. Mo wọ Igbó Aláìlójìji, níbi tí igi ti ń dúró nínú oòrùn tí òjìji rẹ̀ kò sí nílẹ̀, nítorí àwọn iwin ibẹ̀ ti ká gbogbo òjìji bí aṣọ, wọ́n ń tà á fún ara wọn. Wọ́n rí tèmi, wọ́n fà á mú ní gìgísẹ̀. Wọ́n ń fà, mo ń fà, títí ó fi ya. Bí oòrùn bá là lọ́la, kí ẹni tó bá ń jiyàn wá wo òjìji mi. Etí òsì rẹ̀ kò sí. Àwọn ọdẹ mìíràn máa ń mú awọ ẹran bọ̀ láti fi ẹ̀rí hàn. Ara mi lèmi fi ń ṣe ẹ̀rí.

Níbi tí igbó náà ti tán ni mo ti bá Agbóòórùn. Iwin yìí kò ní ẹnu rárá. Láti abẹ́ ojú rẹ̀ dé àyà, imú ni, imú tó tóbi bí odó, òórùn ohun tí ẹlòmíràn ń jẹ ló sì fi ń gbé ilé ayé. Imú náà ló fi ń sọ̀rọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì máa dún bí ti ẹni tí òtútù mú. Ó gbóòórùn ẹ̀tù ìbọn mi, ó gbóòórùn iṣu tí mo jẹ kí n tó kúrò nílé, ó tún gbóòórùn ọrùn mi, ó sì kẹ́dùn.

"Ọdẹ," ló wí, "kí ni ó ń dàgbà, tó sì ń kéré?"

Mo ní, "Ọjọ́ ayé ènìyàn ni. Bó ṣe ń gùn lẹ́yìn ló ń kúrú níwájú."

"Ìdáhùn ẹni tí kò tíì débẹ̀ nìyẹn. Mo gbà á. Ṣùgbọ́n bí o bá ń padà bọ̀, wàá gbé ìdáhùn gidi wá, n ó sì gbóòórùn rẹ̀." Ó yà fún mi.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wọ ìlú kan tí kò sí ọmọdé níbẹ̀. Àwọn àgbà nìkan ni mo bá, irùngbọ̀n wọn ń wọ́lẹ̀. Ní ìlú náà, àgbà ló ń kọ́kọ́ jẹun, lẹ́yìn rẹ̀ ẹni tó tẹ̀lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ẹni tó tún tẹ̀lé ìyẹn. Àwo a máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé, àwo nìkan ló ń dé. Bí àwọn ọmọdé ṣe tán níbẹ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò pa wọ́n. Wọ́n kàn ní sùúrù títí ni.

Èmi tí mo ti di géńdé ọkùnrin nígbà náà, wọ́n pè mí lọ́mọ. Wọ́n ní kí n pọn omi, kí n họ ẹ̀yìn fún wọn, kí n máa gbọ́ ìtàn ogun tí wọn kò jà. Bí mo bá la ẹnu, wọn a ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé bá gun igi kò lè rí i. Mo fẹ́ sọ fún wọn pé láti ìgbà tí wọ́n ti jókòó, kí ni wọ́n rí? Ṣùgbọ́n wọ́n pọ̀, mo sì dá wà. Níkẹyìn wọ́n ní àwọn yóò jẹ́ kí n kọjá bí mo bá lè sọ ẹni tó dàgbà jù nínú wọn, torí ìjà náà ti wà láàrin wọn tipẹ́. Olúkúlùkù wọn ti mú ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́. Bí mo bá dárúkọ ẹnì kan, àwọn yòókù yóò lù mí pa.

Ẹ wo orí yìí dáadáa, ẹ̀yin ará. Orí pẹlẹbẹ ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kún inú rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin baba mi, àgbà tó jù yín lọ wà níbí. Ó ti wà kí a tó bí èyíkéyìí nínú yín, òun ni yóò sì gbẹ̀yìn gbogbo yín. Ilẹ̀ ni. Ṣé ẹ ti kí i lónìí?"

Gbogbo wọn dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, wọ́n fi iwájú orí kanlẹ̀. Kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde, kí wọ́n má baà sọ pé kò bọ̀wọ̀ fún àgbà. Mo gba orí ẹ̀yìn wọn kọjá. Mo tilẹ̀ fi gìgísẹ̀ tẹ àwọn kan tí kò pọn dandan kí n tẹ̀. Inú mi dùn sí ọgbọ́n mi lọ́jọ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ bá mi fi ọgbọ́n náà pamọ́ síbì kan, n ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Bí mo ṣe dé Ìkántó nìyẹn. Odò ti gbẹ. Ọ̀pá bàbà sùn sórí òkúta bí ejò tó ti kú, ẹyẹ ti yé sínú àwọn ìkòkò ńlá. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí ilẹ̀kùn ilé abẹ́ ilẹ̀, ó ń fi ọwọ́ po ìda. Ìyá Onída ni wọ́n ń pè é. Ìran tirẹ̀ ló ń dí àgbá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i, mo sì bi í pé ṣé ogun ló tú wọn ni.

"Ogun kọ́," ló wí. "Ọtí tiwa, ẹni tó pọn ọ́n kì í mu ún, ọmọ rẹ̀ ló ń mu ún. Ohun tí baba wa ń ṣe nìyẹn, ẹni tó bá da omi síwájú a tẹ ilẹ̀ tútù. Ìgbà tó kan àwọn tèmi, wọ́n ní, kí la fẹ́ máa ṣiṣẹ́ fún ẹni tí a ò ní rí sí? Wọ́n wọlé lọ, wọ́n mu tiwọn, wọ́n mu tàwọn ọmọ wọn mọ́ ọn, wọn ò sì dí àgbá kankan rọ́pò. Nígbà tó tán, wọ́n tilẹ̀kùn, wọ́n lọ. Wọ́n ní ọjà ò tà mọ́."

Ó mú mi sọ̀kalẹ̀. Àgbá òfìfo ni gbogbo rẹ̀, àfi ẹyọ kan tó wà ní kọ̀rọ̀, tí òun ti ń fi ara bò láti ìgbà náà. Yí àgbá náà ká ni mo ti rí àwọn kan tí wọn kò ga ju àtàǹpàkò lọ, wọ́n tẹ́ ife sí ara igi, ohun kan sì ń sun láti inú igi sínú ife wọn díẹ̀díẹ̀. Wọn kò wo ẹ̀yìn.

"Àwọn tó pọn ọ́n nìyẹn," ni Ìyá Onída wí. "Wọ́n kú láìtọ́ ọ wò. Lọ́dọọdún wọ́n ń wá gba ìpín wọn, lọ́dọọdún ni ti inú rẹ̀ ń dín kù, bó sì ṣe ń dín kù ló ń dàgbà sí i. Bí a bá fi sílẹ̀ pẹ́ sí i, yóò dàgbà tán, kò sì ní sí níbẹ̀ mọ́. Ta lo fẹ́ gbé e fún?"

Mo rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

"Ọtí kì í yọ èpè, ọmọ mi. Ẹnu tó ṣé e náà ló ń yọ ọ́. Baba rẹ mọ̀. Ibi tó rò pé o kò ní dé ló rán ọ."

"Kí ni kí n wá ṣe, Ìyá?"

"Gbé e lọ fún un, kí àwáwí rẹ̀ lè tán. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Àwọn òkú ti mu tiwọn nínú ọtí yìí. Èyí tó kù, ti ọmọ tó ń bọ̀ ni. Kí ẹ̀kán kan má kan ilẹ̀."

Ó fi ọ̀bẹ ya ìda náà. Òórùn tó jáde gbá mi láyà, mo sì rí baba mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Ó gbé Àwẹ̀ró kọ́ ọrùn, ó ń sáré yí igi odán ká, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń sá tẹ̀ lé wọn. Mo ti gbàgbé pé ó ti rí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sunkún nínú ilé abẹ́ ilẹ̀ náà, èmi ọdẹ, ojú kò sì tì mí. Ohun tó wà nínú àgbá kún kèrègbè mi, kò ṣẹ́kù ẹ̀kán kan.

Ìgbà tí mo padà dé ìlú àwọn àgbà, wọ́n ṣì dọ̀bálẹ̀, koríko ti hù lẹ́yìn wọn. Òórùn kèrègbè ló jí wọn. Wọ́n yí mi ká, wọ́n ní ọtí kì í kọjá lójú àgbà. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ àgbàlagbà kì í wọ kèrègbè. Wọ́n fa ìgbálẹ̀ tú, olúkúlùkù mú ẹyọ kan, wọ́n ń tì í bọ inú rẹ̀, wọ́n ń lá a. Ìdajì ti lọ kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ ìjà pé ta ló yẹ kó lá tẹ̀ lé ta, inú ìjà náà ni mo ti sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí mo kan Agbóòórùn, mo fún un ní ìdáhùn gidi: ọtí inú àgbá ló ń dàgbà tó ń kéré. Ó ní òótọ́ ni. Ó fi imú rẹ̀ kan ẹnu kèrègbè, ó fà á símú. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹni tí kò ní ẹnu mu ju ẹlẹ́nu lọ. Ohun tí mo gbé dé ilé kò ju ẹnu kan lọ.

Mo dé ní ọ̀sán. Ojú ọ̀run ti ṣú. Àwẹ̀ró fara ti igi odán, ìrọbí ti mú un, àwọn obìnrin àdúgbò yí i ká. Ó rí mi, ó na ọwọ́ sí ọ̀nà ilé.

Baba mi jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo da ọtí náà sínú ife rẹ̀, mo fi ahọ́n kàn án lójú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbé ọtí wá ṣe ń ṣe, kó má baà fura. Mo sọ ìkìlọ̀ Ìyá Onída fún un pé kó má ta á sílẹ̀. Ó mi orí pé òun ti gbọ́. Ó gbé ife sí imú, omi lé sí i lójú. Ó pe orúkọ Láwóyin jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin ará, mo rò pé ó ti parí. Mo rí baba mi ti inú òórùn yẹn tó jókòó níwájú mi.

Ó dìde, ó jáde síta, ó kọjú sí igi odán. Gbogbo àdúgbò rọ́ jáde wá wò ó. Ó gbé ife sókè, ó ní, "Ẹ̀yin baba mi," ọwọ́ rẹ̀ sì yí. Ó yí bó ṣe ń yí láti ìgbà tó ti di ọkùnrin, bí ọwọ́ gbogbo àgbà ṣe ń yí kí wọ́n tó mu. Ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn mu ún ní ẹ̀ẹ̀kan. Nígbà tó gbé ife sí ẹnu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

N kò bínú sí ọwọ́ náà. Ọwọ́ a máa ṣèèṣì. Mo ní, "Bàbá, kò burú. Ẹ fi ẹnu sọ ọ́. Ẹnu lẹ fi ṣé e." Àwọn obìnrin náà ní, "Bàbá, ẹ sọ ọ́." Àwẹ̀ró fi ọwọ́ di igi mú, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú ìrora náà, ó ní, "Bàbá, mo ti kúnlẹ̀."

Baba mi wo ilẹ̀. Ó wo ife. Lẹ́yìn náà ó wo àwọn ènìyàn tó ń wò ó, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ló ń gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ọtí ti tán," ló wí. "N kò lè fi ẹnu gbígbẹ yọ èpè. Àgbà ló ń kọ́kọ́ mu, ilẹ̀ ló sì dàgbà ju gbogbo wa lọ. Ó ti mu."

Ó wọlé, ó tilẹ̀kùn. Ṣé ẹ rántí ọgbọ́n tí mo ní kí ẹ bá mi fi pamọ́? Ẹ dá a padà fún mi. Òun ni baba mi fi tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀ lójú.

Òjò dé. Àwọn obìnrin na aṣọ lé Àwẹ̀ró lórí, aṣọ náà bọ́ lọ́wọ́ wọn, ó fò lọ, nítorí aṣọ tí a nà lórí ènìyàn, òrùlé ni. Inú òjò ló bímọ sí. Nígbà tó bí i tán, ó dìde, ó gbé ọmọ náà wá sí ẹnu ọ̀nà ilé tèmi, ó dúró sítòsí ibi tí omi ti ń ṣàn láti orí òrùlé, ó na ọmọ sí mi. Mo ní kó wọlé, kí òrùlé lọ síbi tó bá fẹ́. Ó ní, "Rárá, Ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ ti wọlé." Kò tẹ ẹnu ọ̀nà mi. Òrùlé náà dúró lórí ọmọ.

Ibà òjò yẹn ló pa á. Ibojì nìkan ni òrùlé tí kò ṣí lórí rẹ̀. Wọ́n máa ń ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Àgbà wà lọ́jà náà o. Ó jókòó, ó ta ọtí sílẹ̀, ó ń wò ó.

Baba mi pẹ́ láyé lẹ́yìn rẹ̀. Láràárọ̀, bó bá ń lọ sóko, a dúró lábẹ́ igi odán, a ní, "Káàárọ̀, Àwẹ̀ró." Igi kò dá a lóhùn. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo sin ín, mo sin ín bí ọmọ ṣe ń sin baba, mo sì bo ojú rẹ̀ dáadáa. Ọtí nìkan ni n kò ta sílẹ̀ fún un.

Nítorí náà, Ṣówándé, má bi mí léèrè àṣà mọ́. Ilẹ̀ ti mu tirẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì fi ìyá Béjidé lé e. Ẹ máa wò ó bẹ́ẹ̀; ṣé ẹ rò pé lásán ni wọ́n ń sọ ọmọ ní Béjidé, ẹni tó bá òjò wá? Òun ni ọmọ náà. Òun ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi yìí, lábẹ́ òrùlé mi, ó ń bu ọtí fún mi, kò sì bi mí rí ìdí tí n kò fi ń ta á.

Béjidé, gbé ìgò náà wá. Dúró, má kọ́kọ́ bu tèmi. Bu tìrẹ ná, kí o mu ún tẹ́rùn. Èmi lè dúró.